Ọkọ̀ Sánmà Inú Ìtàn Àròsọ Wo Ló Yẹ Nínú Géèmù Ọgbọ́n Ogun? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àròsọ ojú sánmà máa ń bi ara wọn nígbàkígbà tí géèmù ọgbọ́n ogun tuntun bá fẹ́ jáde, tàbí tí àwọn olólùfẹ́ bá fẹ́ fọwọ́ ara wọn tún géèmù àtijọ́ ṣe. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe gbà á gbọ́, mo sì sọ ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ni àríyànjiyàn náà dá lé lórí gan-an?

Àyè ni. Kò sí géèmù tó lè gba gbogbo ọkọ̀ tó ti hàn nínú Star Trek, Star Wars, Babylon 5 tàbí Battlestar Galactica, nítorí pé gbogbo ọkọ̀ tí a bá fi kún un ló nílò àwòrán tirẹ̀, ìró ohun ìjà tirẹ̀, iye owó tí wọn yóò fi rà á nínú géèmù, àti àlàyé tí yóò jẹ́ kí ẹni tó ń ta géèmù, ìyẹn ẹni tó ń fi í ṣeré, mọ ohun tó wà fún. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ ogun kan bá ti pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kàn jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tó ń pè wọ́n síṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ọkọ̀ kan wọlé ti sọ, bó fẹ́ bó kọ̀, pé kí òmíràn dúró síta, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná. Àwọn kan ń wo òkìkí ọkọ̀, àwọn kan ń wo bó ṣe lágbára tó, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rí nínú fíìmù. Èmi ń wo iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà fẹ́ ṣe.

Kí lẹ fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ kan yẹ?

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: àṣẹ wo ni ẹni tó ń ta géèmù lè pa fún ọkọ̀ yìí tí kò lè pa fún èyíkéyìí nínú àwọn tó ti wà nílẹ̀? Bí kò bá sí, ọkọ̀ náà kò tíì yẹ, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹ jẹ́ ká mú Interdictor ti ẹgbẹ́ Empire nínú Star Wars. Kò le tó Star Destroyer, ọkọ̀ ogun ńlá ẹgbẹ́ náà, lójú ìjà, kò sì tóbi tó o, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó rí róbótó tó yọ síta lára rẹ̀ máa ń dá òòfà sílẹ̀ bí ẹni pé pílánẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀, ọkọ̀ yòówù tó bá sì wà ní sàkáání rẹ̀ kò ní lè fò wọ hyperspace, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ nínú ìtàn náà. Nínú géèmù Star Wars: Empire at War, tó jáde ní ọdún 2006, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ogun ń ṣẹ́ kò lè sá lọ. Ẹ wo bí èyí ṣe yí nǹkan padà fún ẹni méjèèjì tó ń ta géèmù. Ẹgbẹ́ Rebel, ọ̀tá Empire, sábà máa ń jà díẹ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kí wọ́n lè rí ọkọ̀ fi jà lọ́jọ́ mìíràn. Bí wọ́n bá ti wá fojú kan Interdictor, wọ́n gbọ́dọ̀ yàn bóyá kí wọ́n pa gbogbo ohun yòókù tì kí wọ́n lọ fọ́ ọ, tàbí kí wọ́n jà á dópin. Ẹgbẹ́ Empire náà kò ní lè fi í síwájú ogun bí wọ́n ṣe ń fi àwọn yòókù, nítorí pé bó bá bàjẹ́, ọ̀tá yóò ráyè lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló fa gbogbo ìrònú yìí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbọn rẹ̀ ló fà á.

Ohun tí mo ń wá lára ọkọ̀ nìyẹn.

Ṣé òkìkí ọkọ̀ kò tó láti mú un wọlé ni?

Òkìkí ní iyì tirẹ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n ṣe géèmù Star Trek láìsí Enterprise nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí Matt Jefferies yà fún eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966, pẹ̀lú àwo pẹrẹsẹ tó wà níwájú àti ẹ́ńjìnì gbọọrọ méjì tó wà lẹ́yìn, ti di ohun tí ẹni tí kò wo eré náà rí pàápàá lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìwádìí ni ìtàn pè é. Bí a bá kàn gbé e sínú géèmù gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ogun kan tó le ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a ti bọ́ ohun tó mú un dá yàtọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó sàn kí ó lè ṣàwárí, kí ó lè tún ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe, tàbí kí ó lè bá àwọn ẹ̀yà mìíràn dọ́rẹ̀ẹ́, kí iye ìbọn rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń wú mi lórí jù. Nínú ogun tó wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù First Contact ti ọdún 1996, àwọn ọkọ̀ tuntun kan kọjá lójú wa wìì, lára wọn ni Akira àti Steamrunner, fíìmù náà kò sì dúró ṣàlàyé ohunkóhun nípa wọn. Nígbà tí géèmù Star Trek: Armada dé ní ọdún 2000, Steamrunner di ọkọ̀ tó ń jà láti ọ̀nà jíjìn réré, Akira sì gba ohun ìjà kan tó ń fò láti ara ọkọ̀ ọ̀tá kan bọ́ sára òmíràn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kó ọkọ̀ rẹ̀ jọ pọ̀ sójú kan ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ jù. Àwọn ọkọ̀ tí a kò rí ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ wá di ohun tí ẹni tó ń ta géèmù náà kò lè ṣe kó máà ní. Géèmù ló fún wọn ní ìwà. Ìdí nìyí tí n kò fi ń gbà nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé ọkọ̀ kan kò yẹ torí pé kò sí ẹni tó rántí rẹ̀.

Ṣé dandan ni kí títóbi àwọn ọkọ̀ bá ti inú ìtàn mu?

Rárá, kò tilẹ̀ ṣeé ṣe. Star Destroyer gùn tó mítà 1,600; Executor, òmìrán ọkọ̀ ẹgbẹ́ Empire, gùn tó kìlómítà 19; X-wing, ọkọ̀ ajagun kékeré ẹgbẹ́ Rebel, kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 13 lọ. Bí a bá ní kí Star Destroyer gba sẹ̀ǹtímítà 8 lójú kọ̀ǹpútà, X-wing kò ní tó mílímítà kan, Executor yóò sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 95, èyí tó fẹ̀ ju ojú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Kò sí ẹni tó lè fi eku kọ̀ǹpútà mú ohun tí kò tó mílímítà kan láàárín ogun. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi máa ń fẹ ọkọ̀ kéékèèké lójú, tí wọ́n sì máa ń kó wọn jọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí àṣẹ kan lè tó gbogbo wọn, tí wọ́n á sì din àwọn òmìrán kù. Ohun tó yẹ ká dáàbò bò ni bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn: kí kékeré máà ju ńlá lọ, kí ẹni tó ń wò sì rí i pé ìyàtọ̀ wà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìtàn fúnra rẹ̀ kì í bá ara rẹ̀ mu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé àtijọ́ sọ pé kìlómítà 8 ni Executor, àwọn olólùfẹ́ sì fi àwòrán inú fíìmù jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di 19. Nínú Star Trek, Bird-of-Prey, ọkọ̀ ogun ẹ̀yà Klingon, kéré nínú ìran kan, ó sì di gàgàrà nínú òmíràn, nítorí pé àwòṣe kan náà ni wọ́n ń tún lò. Defiant, ọkọ̀ mìíràn nínú Star Trek, náà ń kó wàhálà bá àwọn tó ń wọn ọkọ̀: mítà 170 tí wọ́n kọ fún un kò rọrùn láti bá iye àjà tí wọ́n ní ó ní mu. Ẹni tó bá wá fi orí kunkun di nọ́ńbà kan mú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìran tí ó ti mú un.

Kí ló dé tí ìrísí ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé òkè réré ni ẹni tó ń ta géèmù ọgbọ́n ogun ti máa ń wo ogun rẹ̀. Nínú fíìmù, olùdarí ló ń yan ibi tí a ti ń wo ọkọ̀, ó sì lè fi ìmọ́lẹ̀ àti orin gbé e ga. Nínú géèmù, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn nígbà tí ó kéré, tí ó ń yí, tí ogún ọkọ̀ mìíràn sì yí i ká.

D'deridex, ọkọ̀ ńlá ẹ̀yà Romulan nínú Star Trek, fi èyí hàn dáadáa. Láti iwájú, ẹwà rẹ̀ kò láfiwé: apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ síra wọn, àlàfo ńlá sì wà láàárín wọn bí ẹni pé ọkọ̀ náà fẹ́ gbé ohun kan mì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú yín lọ sí òkè tààrà, bí a ti ń ta ọ̀pọ̀ géèmù, àlàfo náà yóò pòórá, ohun tó kù kò ju ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó na ìyẹ́ lọ. N kò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fi í sínú géèmù ní láti jẹ́ kí a lè gbé ojú ìwòran wá sísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì ọkọ̀ náà ti sọnù.

Ìṣòro Star Wars yàtọ̀: onígun mẹ́ta ti pọ̀ jù. Imperial, Victory àti Venator, irú Star Destroyer mẹ́ta, jọ ara wọn láti òkè débi pé ẹni tí kò bá ta á pẹ́ kò ní mọ èyí tó ń bọ̀ wá bá a. Ilà pupa ara Venator àti ilé ìdarí rẹ̀ tó jẹ́ méjì ló ń gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí onígun mẹ́ta kẹrin wọlé, ẹ sọ ohun tí a ó fi dá a mọ̀.

Géèmù Homeworld, tí ilé iṣẹ́ Relic ṣe, tó jáde ní ọdún 1999, ló ṣe èyí dáadáa jù lójú tèmi. Àwọn tó yà á wo àwọn àwòrán Chris Foss àti Peter Elson, wọ́n sì fi ilà aláwọ̀ tó fẹ̀ kun ara ọkọ̀ wọn bí ti àwọn oníṣẹ́ ọnà méjèèjì yẹn. Ọkọ̀ Ìyá inú rẹ̀ dúró lóòró nígbà tí gbogbo ọkọ̀ yòókù nà gbalaja, nítorí náà, bó ti wù kí ẹ jìnnà tó, ẹ kò lè ṣì í mú.

Ṣé ó yẹ kí àwọn ọkọ̀ tẹ̀ lé òfin físíìsì?

Ó yẹ níbi tí òfin náà bá ti bí ìpinnu tuntun fún ẹni tó ń ta géèmù. Níbi tí kò bá ti bí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó lọ. Starfury, ọkọ̀ ajagun kékeré inú Babylon 5, ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ tó lè dá a dúró, awakọ̀ rẹ̀ lè pa ẹ́ńjìnì, kí ó yí imú ọkọ̀ padà sẹ́yìn, kí ó sì máa yìnbọn fún ẹni tó ń lé e nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré lọ síwájú. Nínú géèmù tó bá gba èyí láyè, sísá lẹ́yìn ọ̀tá kì í ṣe àǹfààní mọ́. Èyí jẹ́ ọgbọ́n ogun gidi, ó sì ti inú físíìsì wá.

Ooru tún ni òmíràn tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ní gbalasa òfuurufú, ọkọ̀ kò ní afẹ́fẹ́ tàbí omi tí yóò gbé ooru kúrò lára rẹ̀, àfi kó máa tàn án dànù bí ìtànṣán. Ìyẹn ló jẹ́ kí ibùdó òfuurufú àgbáyé, ISS, ní àwọn pátákó ńláńlá tí amóníà ń gbé ooru lọ sí. Bí géèmù kan bá ní ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ ká pátákó bẹ́ẹ̀ mọ́ra kí wọ́n má bàa fọ́ lójú ogun, tí ooru rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i ní gbogbo àkókò tó fi ká wọn, ẹni tó ń ta á yóò ní láti mọ ìgbà tí yóò fà sẹ́yìn. Mo fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ọkọ̀ mìíràn tó ní asà agbára tó nípọn lọ.

Ọkọ̀ tó lágbára ju gbogbo ọkọ̀ lọ ńkọ́?

Ìtàn nílò ohun tí kò ṣeé ṣẹ́gun. Géèmù kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Wolf 359 nínú Star Trek, cube kan ṣoṣo, ìyẹn ọkọ̀ oníhà mẹ́fà ti àwọn ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní Borg, ba ọkọ̀ 39 jẹ́ nínú ogun kan. Bí a bá fún ẹnìkan ní cube yẹn bó ṣe rí gan-an, ẹni kejì kàn ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni. Ohun tí mo máa ń dá lábàá ni pé kí a fi agbára ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, kí a mú ohun tó ń dẹ́rù bani jù lára Borg, ìyẹn ni pé wọ́n ń gba ọkọ̀ ọ̀tá, wọ́n sì ń sọ ọ́ di tiwọn. Kí cube máa rìn fàà, kí owó rẹ̀ gọbọi, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ọn jù yí padà dojú kọ ẹni tó rán an wá.

Fún irú Executor, ọ̀nà tí Sins of a Solar Empire: Rebellion gbà ní ọdún 2012 dára: ẹnìkan kò lè ní ju titan kan, ìyẹn òmìrán ọkọ̀, lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tó ni ín yóò máa ṣọ́ ọ, ọ̀tá rẹ̀ yóò sì máa wá a. Ọ̀nà mìíràn ni ti Empire at War, níbi tí a ti lè yìnbọn sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tó bá ti kọjú ìjà sí Star Destroyer níbẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: bí ẹ bá kọ́kọ́ fọ́ ibi tí àwọn TIE, ọkọ̀ ajagun kéékèèké rẹ̀, ti ń jáde, kò ní lè rán òmíràn síta mọ́; bí ẹ bá fọ́ ẹ̀rọ asà rẹ̀, ohun tó kù di ọ̀rọ̀ àkókò. Òmìrán náà ṣì jẹ́ òmìrán, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtigbé e ṣubú wà.

Kí la ó ṣe sí ọkọ̀ tí kò sí nínú ojúlówó ìtàn, tàbí tí wọ́n ti yọ kúrò?

Ẹ má ṣe fi èyí lé ọkọ̀ kankan síta. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Star Wars, kéde pé àwọn ìwé, àwòrán àpanilẹ́rìn-ín àti géèmù Star Wars àtijọ́ ti di Legends, wọn kì í ṣe ara ojúlówó ìtàn mọ́. Interdictor tí mo yìn lókè wà lára ohun tí wọ́n yọ kúrò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún fara hàn nínú eré Star Wars tí wọ́n ń pè ní Rebels. Ti Star Trek tilẹ̀ tún yani lẹ́nu jù: ọkọ̀ Odyssey, tí olólùfẹ́ kan yà fún ìdíje tí géèmù Star Trek Online ṣe láti wá Enterprise tuntun, di Enterprise-F nínú géèmù náà, ní ọdún 2023 ó sì hàn nínú abala kẹta eré Picard. Láti ọwọ́ olólùfẹ́ ló ti bọ́ sínú géèmù, kó tó wá di ti ìtàn gan-an. Lẹ́yìn èyí, n kò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dúró sọ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, pé láti orí tẹlifíṣọ̀n sínú géèmù ni.

Ṣé a lè kó ọkọ̀ inú ìtàn méjì papọ̀ sínú géèmù kan?

A lè ṣe é fún ìgbádùn, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó máa ń dára. Òfin ìtàn kọ̀ọ̀kan ló ń fún ọkọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Níbi tí kò bá ti sí hyperspace, Interdictor kò ní iṣẹ́.

Ṣé kọ̀ǹpútà àti géèmù fúnra rẹ̀ lè kọ ọkọ̀ kan sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ kí a máa rántí èyí kí a tó bínú sí àwọn tó ń ṣe mod, ìyẹn àtúnṣe tí àwọn olólùfẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe sí géèmù. Stellaris, tó jáde ní ọdún 2016, máa ń kó ọkọ̀ ńlá jọ láti abala mẹ́ta, iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, kí ẹni tó ń ta á lè yan ohun ìjà abala kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó gùn bí igi ń gba ìpín yìí láìsí wàhálà, àmọ́ ọkọ̀ tó jẹ́ àwo pẹrẹsẹ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì méjì kò mọ ibi tí wọn yóò ti gé e. Empire at War náà dá àwọn tó ń ṣe mod lágara fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé mẹ́mọ́rì tó lè lò kò pọ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di 64-bit ní ọdún 2023, tó fi lè lo mẹ́mọ́rì púpọ̀ sí i, ni àyè tó gbòòrò wá ṣí sílẹ̀ fún àwòrán ọkọ̀ tó jinlẹ̀.

Ṣé mo lè gba owó lórí mod tí mo fi ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe?

Rárá. Ilé iṣẹ́ tó ni ìtàn ló ni àwòrán ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì ka àdéhùn géèmù tí ẹ fẹ́ tún ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè gbèjà ọkọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún géèmù?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye ìbọn rẹ̀. Ẹ sọ àṣẹ tuntun tó mú wá, ọkọ̀ tó lè borí rẹ̀, àti èyí tí ẹ gbà kí wọ́n yọ kúrò láti ṣe àyè fún un. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ èyí tó kẹ́yìn yìí kò tíì ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ láti òkè tààrà kún un, kí ó kéré bó ṣe máa rí nínú ogun, kì í ṣe àwòrán ńlá tí a yà láti iwájú. Bí ẹnìkan bá sì ta kò yín, ẹ bi í léèrè bóyá iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni kò fẹ́ tàbí ìtàn tí ọkọ̀ náà ti wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ń gba ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe lórí ọkọ̀ rárá.

Bí àyè kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù, ọkọ̀ wo ni ẹ̀yin yóò mú?

Ọkọ̀ kékeré tó ń fa ọkọ̀ ọ̀tá nínú Homeworld àkọ́kọ́, Salvage Corvette. Kò sí ẹni tó ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ọ̀tá láàárín ìbọn, kí ó sì wọ́ ọ wálé fún Ọkọ̀ Ìyá. Bí ọkọ̀ ọ̀tá bá ṣe tóbi tó ni iye Salvage Corvette tó nílò yóò ṣe pọ̀ tó. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Kadesh, àwọn ọ̀tá máa ń wá pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń tan ìtànṣán ìjà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tí ẹgbẹ́ wa kò lè kọ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá ń jà ní ìjà lásán yóò fọ́ wọn, yóò sì kọjá lọ. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò rán Salvage Corvette jáde, yóò fi àwọn ọkọ̀ ajagun kéékèèké bò wọ́n, yóò sì gbà pé àwọn kan nínú wọn kò ní padà, nítorí pé ọkọ̀ tó bá wọ́ wálé lọ́jọ́ náà yóò bá a dé gbogbo ogun tó kù. Èyí ni màá mú, ọkọ̀ ogun ńlá kejì ni màá sì yọ kúrò láti ṣe àyè fún un.